Ta Ni Ó Wà Pẹ̀lú Rẹ? Ọ̀rọ̀ Ìyànjú Lórí Ilé-Ìtura Tí Arìnrìn-àjò Mùsùlùmí Yóò Wọ̀ Sí ní Òkè-Òkun

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ẹyìn ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó tẹ́ ilẹ̀ bí ẹní, tí Ó sì la ọ̀nà sí i fún ẹ̀dá Rẹ̀ láti máa rìn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ọ̀rọ̀ ibi tí arìnrìn-àjò yóò sùn ni ọ̀rọ̀ òní. Ní ayé àtijọ́, bí ọmọ Yorùbá bá dé ìdálẹ̀, ilé ará ìlú rẹ̀ tàbí ilé lèmọ́mù ni ó sábà máa ń wọ̀ sí. Ojú wà lára rẹ̀ níbẹ̀, bí kò bá sì tètè wọlé ní alẹ́, ẹnìkan yóò béèrè rẹ̀. Lónìí, ọ̀dọ́ ń lọ ra ọjà ní Guangzhou àti ní Dubai, ó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní London, ó ń lọ ṣe ìpàdé ní Istanbul, àwọn mìíràn sì ń bá ẹgbẹ́ wọn lọ gbafẹ́ ní Bangkok. Òtẹ́ẹ̀lì ni wọn yóò sùn. Kí wọ́n tó sanwó, ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ ń bi ara wọn ní kọ̀rọ̀: òtẹ́ẹ̀lì wo ni kì í yọ ènìyàn lẹ́nu bí ó bá mú àlejò wọlé l'óru? Ìbéèrè yìí kéré ní ojú, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Irú ènìyàn méjì ni ó ń béèrè rẹ̀. Ti èkínní ní ẹ̀tọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà: ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ yóò ti ìlú mìíràn wá bá a, ọmọ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ sùn tì í ní alẹ́ ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́kùnrin ń kọjá lọ. Ti èkejì ń wá ilẹ̀kùn tí kò ní rí òun. Ìmọ̀ràn kan náà ni ó tọ́ sí àwọn méjèèjì: kí wọ́n yan ilé-ìtura tí ó máa ń béèrè pé, "Ta ni ó wà pẹ̀lú rẹ?" Irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò fún ti èkínní ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní gbangba, yóò sì gba ti èkejì lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀sìn Islām kò kórìíra ilé-ìtura. Ó yẹ kí á sọ èyí, nítorí pé ní ẹnu àwọn àgbà wa, bí a bá ti pe òtẹ́ẹ̀lì, ọtí àti obìnrin ni ọkàn wọn máa ń lọ bá. Nínú Alùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, Sūratun-Nūr, láti àáyà 27 lọ, Ọlọ́hun kọ́ onígbàgbọ́ pé kò gbọdọ̀ wọ ilé ẹlòmíràn láìgba àyè, kí ó sì kí àwọn ará ilé. Nígbà tí ó di àáyà 29, Ọlọ́hun sọ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú wíwọ àwọn ilé kan tí wọn kì í ṣe ibùgbé ẹnìkan ṣùgbọ́n tí ènìyàn ní àǹfààní nínú wọn. Lára àwọn àgbà onítumọ̀, Qatādah àti Mujāhid wà nínú àwọn tí a gbọ́ lẹ́nu wọn pé àwọn ilé ìsọ̀kalẹ̀ tí ó wà ní ojú ọ̀nà àwọn arìnrìn-àjò ni irú ilé bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sanwó òtẹ́ẹ̀lì tí ó sì sùn síbẹ̀ nítorí òwò tàbí ẹ̀kọ́ kò ṣe ohun tí ó burú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àáyà kan náà ti parí. Ó parí pẹ̀lú ìrántí pé Ọlọ́hun mọ ohun tí ẹ̀dá fi hàn àti ohun tí ó fi pamọ́. Àáyà 30 tí ó tẹ̀lé e ni ó pàṣẹ fún àwọn ọkùnrin onígbàgbọ́ láti rẹ ojú wọn sílẹ̀ àti láti ṣọ́ abẹ́ wọn; àáyà 31 sì pàṣẹ kan náà fún àwọn obìnrin. Ọlọ́hun gbà fún wa láti wọ ilé ìsọ̀kalẹ̀, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni Ó sì sọ bí a ó ti ṣe níbẹ̀. Adènà lè sùn, ẹni tí ó wà ní káńtà lè gbójú kúrò. Ẹni tí Ó mọ ohun ìkọ̀kọ̀ kì í tòògbé.

Àwọn kan rò pé bíbéèrè orúkọ àlejò jẹ́ àṣà àwọn aláwọ̀ funfun tàbí ìyọlẹ́nu àwọn ìjọba òde òní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibn Battūtah, gbajúgbajà arìnrìn-àjò mùsùlùmí tí a bí ní Tanja ní ilẹ̀ Mòrókò ní ọdún 1304, ròyìn ilé ìsọ̀kalẹ̀ ilẹ̀ Ṣáínà nínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ tí a kọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1355. Ó ní bí ilẹ̀ bá ti ṣú, aláṣẹ ibẹ̀ yóò wá pẹ̀lú akọ̀wé rẹ̀, yóò kọ orúkọ gbogbo ẹni tí yóò sùn síbẹ̀, yóò sì ti ilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò padà wá, yóò pe olúkúlùkù ní orúkọ, yóò sì fi ẹni tí yóò sìn wọ́n dé ibùsọ̀ tí ó kàn lé wọn lọ́wọ́. Ibn Battūtah kò ka èyí sí ìwọ̀sí. Ohun tí ó fi ń yin ilẹ̀ náà ni, pé ènìyàn lè dá nìkan rin ìrìn oṣù mẹ́sàn-án pẹ̀lú owó púpọ̀ lọ́wọ́ láìsí ìbẹ̀rù.

Ó tún ròyìn pé bí oníṣòwò mùsùlùmí bá sọ̀ kalẹ̀ sí irú ilé bẹ́ẹ̀, onílé ni yóò gba owó rẹ̀ pamọ́, tí yóò sì máa ná an fún un pẹ̀lú òdodo. Wọn kò gbà kí ó fi owó náà ṣe ìṣekúṣe, nítorí pé àwọn ará Ṣáínà kò fẹ́ kí á gbọ́ ní ilẹ̀ àwọn mùsùlùmí pé ilẹ̀ wọn ni ọmọ ẹni lọ pàdánù owó sí. Ẹ gbọ́ ohun ìyanu! Àwọn tí kì í ṣe mùsùlùmí ń dáàbò bo àpò mùsùlùmí kúrò lọ́wọ́ ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lónìí, mùsùlùmí fúnra rẹ̀ ni ó ń wá ibi tí kò ti ní sí ẹni tí yóò dáàbò bò ó.

Àṣà yìí ṣì wà, ó sì ti di òfin ní ilẹ̀ púpọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1972 pa á láṣẹ pé kí ilé-ìtura kọ orúkọ àti orílẹ̀-èdè ẹnikẹ́ni tí ó ti pé ọmọ ọdún 16 tí ó bá sùn síbẹ̀, kí wọ́n sì pa àkọsílẹ̀ náà mọ́ fún oṣù 12. Ní Ṣáínà, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 2013 sọ pé àlejò tí kò bá sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, kí òun tàbí ẹni tí ó gbà á sílé lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàrín wákàtí 24. Ní ilẹ̀ Thailand, láti ọdún 1979 ni òfin ti sọ pé kí onílé tàbí alákòóso òtẹ́ẹ̀lì jẹ́ kí àwọn aṣọ́bodè mọ̀ láàrín wákàtí 24 bí àjèjì bá wọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí iná bá sọ l'óru, ìwé orúkọ ni a ó fi mọ iye ẹni tí ó wà nínú ilé. Bí ọmọdébìnrin kan bá sọnù, òun náà ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Kí ni wá ni ìtumọ̀ òtẹ́ẹ̀lì tí kì í yọ ènìyàn lẹ́nu? Ní Bangkok, níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbilẹ̀, irú òtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni àwọn oníbàárà ń sọ. Àkọ́kọ́ ni èyí tí kì í jẹ́ kí àlejò òru wọlé rárá. Èkejì ni èyí tí ó máa ń gba owó lé e lórí àlejò náà. Ẹ̀kẹta ni èyí tí kò gba nǹkan kan. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò gba nǹkan kan yìí pàápàá, àlejò yóò fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní káńtà, wọn kì í sì í dá a padà fún un nígbà mìíràn àfi bí wọ́n bá tẹ onílé yàrá láago, tí wọ́n sì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé kò sí ohun tí ó sọnù. Èéṣe? Nítorí pé àwọn olówò wọ̀nyí mọ ohun tí ọ̀dọ́ kò mọ̀: àlejò òru tí a kò mọ orírun rẹ̀ lè fi oògùn sínú ohun mímu, kí ó sì kó owó àti ìwé ìrìnnà lọ kí onílé yàrá tó jí. Bí ẹni tí ó ń pa owó nídìí ọ̀rọ̀ náà kò bá fi ọkàn tán an, kí ni mùsùlùmí ń wá níbẹ̀? Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó ń lọ ra ọjà, owó ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Owó àjọ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, owó tí ẹ̀gbọ́n yá a wà níbẹ̀, owó àwọn oníbàárà tí wọ́n ti san àsansílẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá pàdánù rẹ̀ ní òru ọjọ́ kan, kò lè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láìṣàlàyé bí olè ti ṣe wọlé. Yóò padà wálé, yóò sì parọ́. Irọ́ náà yóò bí irọ́ mìíràn, àwọn tí wọ́n fi ọkàn tán an ni yóò sì san gbèsè ohun tí wọn kò jẹ.

Ẹ̀wẹ̀, a gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àwọn ilẹ̀ mùsùlùmí pàápàá ti tú òfin sílẹ̀. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ó yẹ kí á mọ bí ó ti tó. Ní ọdún 2019, nígbà tí ìjọba Saudi Arabia bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ní físà, ó kéde pé òtẹ́ẹ̀lì kò ní máa béèrè ẹ̀rí ìgbéyàwó lọ́wọ́ ọkùnrin àti obìnrin àjèjì, àti pé obìnrin lè dá gba yàrá pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀. Ní ilẹ̀ àwọn Emirates tí Dubai wà nínú rẹ̀, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 sọ pé a kò ní pe àwọn àgbàlagbà méjì tí wọ́n ṣe àgbèrè lẹ́jọ́ àfi bí ọkọ tàbí alágbàtọ́ bá fi ẹjọ́ sùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀sùn bá wà, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà ni. Ní Indonesia, ṣe ni wọ́n mú òfin le sí i: ìwé òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá ọdún 2022, tí wọ́n fi ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ sí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, ka àgbèrè sí ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba bí ọkọ, ìyàwó, òbí tàbí ọmọ bá fi ẹjọ́ sùn.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú èyí. Èkínní, òfin ayé ń yí padà: ibi tí ó ṣí lánàá lè tì lọ́la, ẹni tí ó gbójú lé àìbéèrè òtẹ́ẹ̀lì lè bá ara rẹ̀ ní ilé ẹjọ́ tí kò gbọ́ èdè wọn. Èkejì ni ó ṣe kókó jù: bí ọba kan kò bá béèrè, kò túmọ̀ sí pé ohun harámù ti di haláàlì. Nínú Sūratul-Isrā', àáyà 32, Ọlọ́hun kò kàn ní kí á má ṣe àgbèrè. Ó ní kí á má ṣe súnmọ́ ọn. Ẹni tí ó jókòó nílé, tí ó ń fi òtẹ́ẹ̀lì wé òtẹ́ẹ̀lì kí ó lè rí èyí tí kò ní béèrè orúkọ àlejò òru, ti bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ ọn kí ó tó gba físà.

Àwọn mìíràn yóò wí pé, "Ìbéèrè náà ń bu ènìyàn kù. Ṣé ọmọdé ni mí?" Ìdáhùn wọn wà nínú hádíìsì tí Bukhārī àti Muslim gbà wá. Ànábì (k.ọ.b.) wà nínú mọ́sálásí, ó ń ṣe ìtikáàfì nínú Ramadāni, ìyàwó rẹ̀ Safiyyah wá bẹ̀ ẹ́ wò ní alẹ́. Nígbà tí Safiyyah fẹ́ padà, Ànábì dìde láti sìn ín. Àwọn ọkùnrin méjì nínú àwọn Ansārī kọjá, wọ́n rí wọn, wọ́n sì yára ẹsẹ̀. Ànábì dá wọn dúró, ó sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Safiyyah ọmọ Huyayy ni obìnrin náà. Ojú ti àwọn ọkùnrin náà, wọ́n ní àwọn kò lè ro ibi sí i. Ó ṣàlàyé fún wọn pé èṣù ń rìn nínú ọmọ Ādamọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ti ń rìn, òun kò sì fẹ́ kí ó sọ nǹkan sí wọn lọ́kàn. Kò sí ẹni tí ó bi Ànábì léèrè. Òun tìkára rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ ẹni tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀. Ta ni yóò wá sọ pé òun tóbi ju kí ẹni tí ó wà ní káńtà béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òun?

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ kan ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya mùsùlùmí ní ilẹ̀ Yorùbá ni a so yìgì wọn níwájú ẹbí, tí a san sọ̀dáàkì, tí àwọn ẹlẹ́rìí jẹ́rìí, ṣùgbọ́n tí kò sí ìwé kankan. Orúkọ bàbá ìyàwó ni ó wà nínú ìwé ìrìnnà ìyàwó, ti ọkọ wà nínú ti ọkọ. Bí wọ́n bá dé ilẹ̀ tí ó ń béèrè ẹ̀rí, àwọn méjèèjì yóò máa wo ara wọn bí ẹni tí ó jí nǹkan. Ní Mòrókò, fún àpẹẹrẹ, òfin fi ẹ̀wọ̀n oṣù kan sí ọdún kan jẹ ẹni tí ó bá ní àjọṣe láìsí ìgbéyàwó, àwọn òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ sì máa ń béèrè ìwé ìgbéyàwó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ rí. Kí gbogbo tọkọtaya lọ gba ìwé-ẹ̀rí yìgì ní mọ́sálásí tí a ti so ó, kí wọ́n sì mú un dání l'ọ́nà àjò. Ìyàwó ẹni kì í ṣe ẹni tí à ń mú gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ìwà kan tún wà tí ó yẹ kí á fi sílẹ̀. Ẹni méjì yóò sanwó, ẹni márùn-ún yóò sùn. Wọn yóò máa yọ́ wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì pè é ní ọgbọ́n. Nínú Sūratul-Mā'idah, àáyà àkọ́kọ́, Ọlọ́hun pàṣẹ fún onígbàgbọ́ láti mú àdéhùn ṣẹ. Òtẹ́ẹ̀lì ta àyè ẹni méjì. Àyè ẹni mẹ́ta tí ó kù, jíjí ni wọ́n jí i, bí wọ́n tilẹ̀ kírun tahajjud nínú yàrá náà.

Nítorí náà, kí arìnrìn-àjò tó sanwó, kí ó béèrè nǹkan márùn-ún. Èkínní, ènìyàn mélòó ni owó náà wà fún, kí ó sì fi orúkọ gbogbo wọn ránṣẹ́. Èkejì, bí ẹbí bá wá kí i, títí di aago mélòó ni wọ́n lè wà níbẹ̀, ṣé ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ni àbí nínú yàrá? Ẹ̀kẹta, bí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ sùn, èló ni àfikún, kí ó sì san án. Ẹ̀kẹrin, ìwé wo ni wọn yóò béèrè? Ẹ̀karùn-ún, ṣé wọ́n máa ń tẹ yàrá láago kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gòkè? Ìkarùn-ún yìí ṣe pàtàkì jù fún àwọn arábìnrin wa. Òtẹ́ẹ̀lì tí ó jẹ́ kí ọ̀rẹ́ ẹlòmíràn wọlé láìbéèrè yóò jẹ́ kí ẹni tí ń tọ obìnrin lẹ́yìn náà wọlé láìbéèrè. Bí àkọ̀wé bá pe nọ́ńbà yàrá sókè létí gbogbo ènìyàn, kí arábìnrin béèrè yàrá mìíràn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Bí àlejò tí kì í ṣe ẹbí bá ní ọ̀rọ̀ òwò láti sọ, gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ wà. Ànábì (k.ọ.b.) kọ̀ fún ọkùnrin láti dá wà pẹ̀lú obìnrin láìsí ìbátan obìnrin náà tí kò lè fẹ́ ẹ níbẹ̀. Nínú hádíìsì kan náà tí Ibn Abbās gbà wá yìí, ọkùnrin kan dìde, ó ní ìyàwó òun ti gbéra lọ sí hájì, a sì ti kọ orúkọ òun mọ́ àwọn tí yóò jáde sí ogun. Ànábì ní kí ó lọ bá ìyàwó rẹ̀ ṣe hájì. Ẹ wo bí ó ti rí! Ogun náà ṣe pàtàkì, síbẹ̀ a dá ọkùnrin padà kí ìyàwó rẹ̀ má baà dá rìn. Ẹni tí ó bá lè mú ìyàwó rẹ̀ dání lọ sí ìrìn-àjò gígùn, kí ó mú un dání. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó parí ohun tí ó bá lọ, kí ó sì yára padà, nítorí pé Ànábì kọ́ wa pé ìyà kan ni ìrìn-àjò jẹ́, ó sì ní kí ẹni tí ó bá ti rí ohun tí ó wá tètè padà sọ́dọ̀ ará ilé rẹ̀. Àwọn baba wa náà sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá béèrè l'ẹ́nu ọ̀nà pé, "Ta ni ó wà pẹ̀lú rẹ?" kí ìdáhùn yín jẹ́ èyí tí ẹ lè sọ sókè, kí bàbá yín gbọ́ ọ, kí ìyàwó tàbí ọkọ yín gbọ́ ọ, kí ẹ sì tún lè sọ ọ́ l'ọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ yóò jẹ́rìí.

Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ àwọn arìnrìn-àjò wa ní ilẹ̀, ní omi àti ní òfurufú. Kí Ó dá wọn padà pẹ̀lú èrè, pẹ̀lú ìlera, pẹ̀lú ojú tí ó lè wo ojú àwọn tí ń dúró dè wọ́n. Āmīn.